Àwọn Òkúta Tí Bàbá Rẹ Gbé Sọ̀kalẹ̀

Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1980.

Olúyínká, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo kí ọ kú àìsùn. Ara wa le nílé, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rántí bí o ṣe rù nígbà tí o wálé kẹ́yìn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ fi jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ òkúta tí o mú mọ́ ìtàn, sílẹ̀, torí pé àwọn tó ti ka sáyẹ́ǹsì láti sẹ́kọ́ńdìrì ti fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn, bàbá rẹ kò sì fẹ́ ẹ. O ní tíṣà yín fẹ́ kí kálukú mú òkúta ìlú rẹ̀ wá, kó sì ṣàlàyé rẹ̀. O ní bí o bá kùnà nínú èyí, ó parí nìyẹn. O wá ní kí n fi òkúta mẹ́ta tí o gé nígbà họlidé, tí o fi sínú àpò sílé, ránṣẹ́.

Má bínú, ọmọ mi. Ọmọlará àbúrò rẹ ti fi wọ́n ṣe ààrò. Ó rí òkúta mẹ́ta tó dọ́gba, ló bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lé wọn lórí. Iná mú wọn, méjì là, èéfín sì bo ohun tí o kọ sí wọn lára. Agatha tó ń bá wa gbélé ní, "Ìyá Yínká, ẹ̀wà sáyẹ́ǹsì la jẹ lónìí. Ẹ jẹ́ ká máa retí ọgbọ́n." Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà mí kí n tó sọ fún bàbá rẹ. O rántí ohun tí wọ́n sọ nígbà họlidé: "Ìtàn ni mo rán ọ lọ kà. Ṣé òkúta wá wọ́n ní Ìdànrè ni?" Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọn ò jà. Wọ́n kàn béèrè ibi tí o ti gé wọn. Mo ní orí òkè ni, lẹ́bàá ahoro ilé àwọn baba wa.

Ní Sátidé, wọn ò lọ sóko kòkó ní Aládé. Wọ́n mú òòlù, wọ́n gun òkè lọ tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ yà kí àwọn àgbà, nítorí a kì í mú nǹkan lórí òkè láìtọrọ. Àwọn àgbà bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi òkúta ṣe. Bàbá rẹ ní, "Ìwé ọmọ mi ni mo wá gbà."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, wọ́n ń tiro. Wọ́n so bébà mọ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kà báyìí: "Iwájú ilé bàbá mi, níbi tí wọ́n bí mi sí." Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí rí.

Nítorí náà, má tíì fi í sílẹ̀. Bá àwọn tó mọ̀ ọ́n kàwé, má tijú láti béèrè. Bí o bá sa gbogbo agbára rẹ tí kò bọ́ sí i, ilé kò ní lé ọ.

Ọlọ́run tó gbé òkè kalẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀. Ohun tí o ń wá kò ní pamọ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í yé ronú rẹ,
Ìbílọlá.

Àfikún: Dominic onítakisí ló ń kó àwọn òkúta náà bọ̀. Bàbá rẹ fẹ́ mọ bí èyí tó wà níwájú ilé wọn ṣe pẹ́ láyé tó. Wọ́n ní kí n má sọ pé àwọn ló ní kí n béèrè.