Ohun Tí Mo Kọ Sórí Pílásítà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Iṣẹ́ yín ni mo ń ṣe báyìí o, èmi tí mo búra pé n kò ní wọ aṣọ nọ́ọ̀sì láéláé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, lójú ọ̀nà Onne.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà lọ́rùn mi. Nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní D-Line, ní Port Harcourt níbí, àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ojo ni yín, pé ẹni tó bá fara pa, ilé ìwòsàn ńlá lẹ máa ń darí rẹ̀ sí. Ojú máa ń tì mí. Mo rò pé ẹ ò mọ iṣẹ́ ni. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọkùnrin kan já bọ́ láti orí kọ̀ǹténà ní èbúté Onne. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, pẹ̀lú ọgbẹ́ kékeré níwájú orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Sister, I dey kampe. Just sew am make I go." Mo ti mú abẹ́rẹ́ dání kí n tó rántí yín. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi mí ṣe aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì yín, tí ẹ ó máa wo aago, tí ẹ ó máa ka èémí mi, tí ẹ ó wá tẹ ikùn mi títí n ó fi bú sẹ́rìn-ín? Mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Mo ka èémí rẹ̀, ó ń yára jù. Mo tẹ ikùn rẹ̀, ó le bíi pákó. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú, a kò sì ní oníṣẹ́ abẹ. N kò dúró de ọ̀gá wa rárá, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Mo ya pílásítà, mo kọ ohun tí mo rí àti aago tí mo rí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà bí ẹ ti máa ń ṣe. Màámi, Yorùbá ni mo kọ! Èmi tí ẹ máa ń bá jà nítorí Pidgin! Dókítà tó gbà á lọ́hùn-ún pè mí lórí fóònù: "My sister, which kain thing you write for this man chest?" Mo yára túmọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíá. Ọlọ́run ṣe é, ó yè é.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín? N kò bi yín rí. Ẹni mélòó ló ń rìn kiri ní Port Harcourt yìí nítorí pé ẹ tètè darí wọn? Mo ń fi yín yangàn.

Dókítà náà tún pè mí lánàá. Ó fẹ́ mọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé orí bẹ́ẹ̀dì màámi ni.

Èmi ni,
aláìsàn yín àkọ́kọ́.