Ibi Tí Òrùlé Kò Ti Jò

Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé tó kọjú sí Gbọ̀ngàn Sinimá Àtijọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dùn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè gun àtẹ̀gùn báyìí? Bá mi kí wọn kú ìfaradà. Tiwa níbí, ọpẹ́ ló yẹ wá. Ọmọbìnrin mi ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń fi ìyẹn bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè. Ọkọ mi ṣì ń hanrun tí fèrèsé ń gbọ̀n. Èmi náà ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń bá àwọn oníbàárà jà lórí aṣọ tí wọ́n sanra jù tí wọ́n ní èmi ni mo rán an kéré.

Nǹkan tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí i tí mo rí àwòrán ara páálí rẹ̀, mo pariwo débi pé obìnrin tí mò ń wọn aṣọ fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé abẹ́rẹ́ mì. Fíìmù Párìsì tiwa gan-an ni, ti ọkùnrin onífìlà àti obìnrin tó wọ kóòtù funfun lórí afárá. O ní ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta fíìmù àtijọ́ lo ti rà á, àti pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣé o rántí bí òjò ṣe máa ń rọ̀ nínú fíìmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà nínú yàrá? Fíìmù ló ti họ, kì í ṣe òjò. Nínú èyí tí o rán yìí, orí afárá nìkan ni òjò ti rọ̀. O tún fi ìdùnnú kọ ọ́ sí mi pé wọ́n ti kọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀, ní èdè tí a lè kà, kí a lè wá mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. O ò mọ iṣẹ́ tí o rán. Jókòó dáadáa kí n ròyìn fún ọ.

O mọ̀ pé Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó tọ́ mi, ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní gbọ̀ngàn sinimá nígbà náà. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn kì í ra fíìmù àfi èyí tó bá rọjú, èyí tí wọ́n yà ní Párìsì láyé àtijọ́ ló sì rọjú jù. Gbogbo wọn dúdú àti funfun, gbogbo wọn kún fún afárá, fìlà, àti ẹni méjì tó ń wo ara wọn títí oúnjẹ fi tutù. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Nígbà tí àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, onígbọ̀ngàn yẹn ti Àǹtí síwájú, ó ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nídìí tíkẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Bí Àǹtí ṣe di ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lórí rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo wa. Bí obìnrin inú fíìmù bá sunkún, Àǹtí á sunkún. Bí ọkùnrin bá sọ̀rọ̀, Àǹtí á ki ohùn. Èmi àti ìwọ á jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ó máa jẹ ẹ̀pà, ó sì dá wa lójú pé kò sí èdè tí wọn ò gbọ́.

Ti orí afárá yẹn ló wá dùn jù. Obìnrin gbé àpótí rẹ̀ dání, òjò ń rọ̀, ọkùnrin wá sọ ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà àdúgbò yìí mọ̀ lórí: “Yàrá kan ni mo ní, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti jò níbẹ̀, tìrẹ ni.” Lẹ́yìn náà ni obìnrin á yíjú padà, á máa lọ. Kí ẹkún tó gba gbọ̀ngàn, Àǹtí á ti ní kí a fọkàn balẹ̀, ó ń lọ kó ìyókù ẹrù rẹ̀ wá ni. Inú wa á dùn, a ó relé.

Ọ̀gá Kápẹ́ńtà, ọkọ Àǹtí, àga gbọ̀ngàn ni wọ́n ń tún ṣe nígbà náà. Ìlà iwájú ni àga ti máa ń kán jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń jókòó sí tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, òòlù nílẹ̀, ojú lókè. Ọjọ́ tí wọ́n dẹnu ìfẹ́ kọ Àǹtí, ọ̀rọ̀ orí afárá yẹn ni wọ́n sọ, wọn ò yọ ọ̀kan, wọn ò fi ọ̀kan kún un. Àǹtí sì gbà. Yàrá náà jò lóòótọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí màmá mi kú tí wọ́n mú mi wá síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí omi kì í dé ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí. Àwọn méjèèjì sùn láàárín àwọn abọ́ tí wọ́n fi ń gba omi òjò. Ọ̀gá ti kan òrùlé yẹn dáadáa tipẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní, tí wọ́n bá ní kí wọ́n gba àwọn tọkọtaya tuntun níyànjú, wọ́n á dìde, wọ́n á wú kọ́, wọ́n á ní, “Gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin Párìsì yẹn ṣe wí,” wọ́n á sì sọ ọ́.

Mo sáré gbé fíìmù lọ bá Àǹtí. Mo rò pé wọ́n máa jó. Ìgbà tí mo dé orí pé wọ́n ti kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀, ńṣe ni wọ́n jókòó pẹ̀ẹ́ sórí ìbùsùn tí wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́wọ́ fún mi. Wọn ò gbọ́ èdè yẹn rí láyé wọn. “Ẹ ṣeun” nìkan ni wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀, ara páálí ọṣẹ ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Gbogbo ìyókù, inú ara wọn ni wọ́n ti ń fà á jáde.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn òǹwòran ló ń ba àwọn lẹ́rù, pé àwọn yẹn ti jẹ adùn tiwọn tán. Ọkọ àwọn ni. Gbogbo ayé ni ọkùnrin náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn fún. Tó bá wá rí i lójú ara rẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni ní Párìsì tó sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló kó wá fún ìyàwó rẹ̀, ṣé kò ní rò pé ńṣe ni àwọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ yìí? “Wọ́n á ní èmi ni mo dẹnu ìfẹ́ kọ ara mi,” ni Àǹtí wí, omi sì lé ròrò sí wọn lójú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Mo ní kí a gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, o mọ ẹnu mi. Mo ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá lọ́nà, mo sì ti fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀sán Àbámẹ́ta sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù débẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ti fa kọ́tìnì, ṣùgbọ́n wọn ò rí awò ojú wọn. Wọ́n wá a nínú àpótí irinṣẹ́, wọ́n wá a lábẹ́ tábìlì. Àǹtí ń bá wọn wá a tọkàntọkàn. Mo wo Àǹtí, Àǹtí wo àjà. Ọ̀gá wá ní kò burú, ojú tèmi ṣáà ríran, kí n jókòó tì wọ́n kí n máa kà á sí wọn létí. Ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ti di ògbufọ̀.

Mo kọ́kọ́ ń ka òótọ́. Kò pẹ́ tí a fi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó tó lé obìnrin náà jáde, ẹni tí Àǹtí máa ń pè ní bàbá tó kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn máa ń ṣépè fún. Ẹlẹ́rìn-ín, dókítà eyín ni. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì ni. Mo gbé e mì, mo ní, “Mi ò bí irú rẹ.” Láti ibẹ̀ lọ, mi ò ka òótọ́ mọ́. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ọ̀gá ń mi orí, wọ́n ń gbádùn.

A dé orí afárá. Obìnrin ní ọkọ̀ ojú irin òun fẹ́ gbéra. Ó kan ọkùnrin. Mo wo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣófo. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, torí ọkùnrin yẹn ò sọ nǹkan kan. Igi ìṣáná ló há sẹ́nu, ó ń wo omi. Obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì sí ẹrù kankan tó fẹ́ lọ kó.

“Kí ló wí?” Ọ̀gá bi mí.

Àǹtí di apá àga mú. Mo ní, “Yàrá kan ni mo ní, òrùlé rẹ̀ sì ń jò.” Mi ò lè parí rẹ̀. Ẹní mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu. Ọ̀gá ló bá mi parí rẹ̀. Àǹtí ni wọ́n kọjú sí, wọn ò wo ẹ̀rọ. Wọ́n wá ní kí n yé fìyà jẹ ara mi, àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Ìlà iwájú ni àwọn máa ń jókòó sí, àwọn ń rí ẹnu ọkùnrin yẹn kedere, igi ìṣáná ò sì kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àǹtí bi ọkọ wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ti ọkùnrin Párìsì kiri nígbà náà.

“Ìwọ lo ní òun ló sọ ọ́. Ṣé kí n wá pe ìyàwó mi ní onírọ́ níta ni?”

Àǹtí tún bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn wá fún àwọn. Ọ̀gá ní, “Èmi, ‘ṣé o ti jẹun’ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n bi èèyàn. Mo wá rí ọ̀rọ̀ tó dáa, mo sì mọ ẹni tó ni ín. Ta ni kí n dá a padà fún?”

Àǹtí fa awò ojú yọ lábẹ́ tìmùtìmù tí wọ́n jókòó lé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀ ọ́ fún ọkọ wọn. Wọ́n ní kí n dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀, kí n pa ohùn rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bí ti àtijọ́. Dókítà eyín tún kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀gá ṣépè fún un, obìnrin sì lọ kó ìyókù ẹrù rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí kò jò ni wọ́n fi tọ́ mi, mi ò sì dúpẹ́ rẹ̀ tó rí, àfi ọjọ́ yẹn tí mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí pé ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fi ọwọ́ pa ìyá lórúnkún. Ọ̀gá ní kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Àǹtí ní o ṣeun, o ṣeun, ẹnu àwọn ò gbà á. Wọ́n ní tí o bá tún rí òmíràn, kí o bá àwọn rà á, ṣùgbọ́n kí o wò ó dáadáa pé wọn ò kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ láti orí àtẹ̀gùn wa,
Aláròyé