Wáìfáì Kì Í Wọ Aṣọ

Màámi,

Ẹ má bínú o, àmọ́ inú ń bí mi gidigidi, n ò sì fẹ́ jí yín kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Èwo wá ni ti aṣọ tí mo bá lọ́rùn wáìfáì tuntun láàárọ̀ yìí? Ẹ tún fi léèsì sí i létí! Ṣebí irú aṣọ yìí náà ló pa ti àkọ́kọ́. Ooru mú un títí ó fi kú níbi tí èmi àti ọ̀gá mi ti ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá rò pé ṣe ni mo pa fóònù mọ́ òun létí.

Ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ẹni tó ń tà á fẹ́ kí n ra èyí tó hu ìwo mẹ́fà. Mo ní pálọ̀ kan àti yàrá méjì la ní, a ò kọ́ ààfin. Èyí tí kò wọ́n ni mo mú, tí ihò pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ihò yẹn ló fi ń mí, Màámi! Ẹ̀yin ní, "Ohun tó bá wà níhòòhò ní pálọ̀, àbùkù onílé ni." Mo mọ̀ pé aránṣọ ni yín, àmọ́ wáìfáì kì í ṣe oníbàárà yín.

Mo ti bọ́ aṣọ náà, ó wà lórí máṣìnnì yín. Bó bá ń dùn yín pé kó ṣòfò, èyí tó kú wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un. Òkú ni ooru kì í mú.