Ẹja Tí Kò Rí Iná

Gothenburg, Sweden.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí yín, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rò pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Ṣé ara le? Orúnkún ńkọ́, ojú ńkọ́? Ṣé Happiness ọmọ-ọmọ yín ń kán oògùn náà sí yín lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́? Ìgbà mẹ́fà ni mo ti pè yín, ẹ kò gbé fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà bí ìwé inú Bíbélì yín, kí ẹ lè dá a kà láìpe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo Awoye.

Èmi wà láàyè o. Òtútù ibí yìí ló fẹ́ẹ́ pa mí. Oòrùn á yọ, á mọ́lẹ̀ rekete, kò sì ní ta ènìyàn lára rárá, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ tí kò ṣe é. Èmi nìkan ni mo wá, nítorí pé Báyọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Igbokoda kò rí físà gbà. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ẹja kó má bàa bàjẹ́. Bí mo bá jáde kíláàsì, mo máa ń lọ wo etí omi wọn. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọ́n ní ògiri náà ti ju igba ọdún lọ, omi kò sì tíì mú nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu mi kò lè padé. Èmi tí òkun ti lé ilé wa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi! Mo fọwọ́ pa òkúta náà lára bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, kò sí kíláàsì. Ebi mú mi lẹ́bàá omi níbẹ̀, mo sì rí ilé oúnjẹ kékeré kan tí wọ́n kùn ní pupa. Ẹ mọ̀ pé n kò dá jẹun rí láyé mi, nílé wa ọwọ́ mélòó kì í wà nínú àwo? Ẹsẹ̀ mi fẹ́ padà lẹ́nu ọ̀nà, mo sáà wọlé. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún mi ní èyí tí àwọn bàbá ńlá wọn ń jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ, ó gbé àwo dé. Ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ tí wọ́n bọ̀ wà níbẹ̀, àti wàrà kíkan tí wọ́n gé ewé tútù sí lórí, àti àlùbọ́sà, àti búrẹ́dì gbígbẹ pẹlẹbẹ. Láàárín rẹ̀ ni ẹja wà, wọ́n gé e kéékèèké, awọ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Mo wò ó dáadáa. Ìyá mi, ṣáwá ni! Ìbátan ṣáwá wa gan-an ni, sill ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n tútù ló wà. Mo pe ọmọbìnrin náà, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ó dà bí ẹni pé ẹni tó ń dáná gbàgbé, kó jọ̀ọ́ kó bá mi dá ẹja yìí padà sórí iná. Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó ní inú iyọ̀ ló ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n tó wá rì í sínú ọtí kíkan àti ṣúgà, pé láti ìgbà tó ti kúrò nínú omi, iná kò kàn án rí. Ohùn yín ni mo gbọ́ létí mi: “Ọma mi, ẹja tí kò rí iná, òkú ẹja lásán ni.” Mo ká ọwọ́ mi sórí itan, mo ń wo òkú ẹja.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tí ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ọdún. Màmá àgbàlagbà kan jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi, òun nìkan, ó ń mu kọfí, ó sì ń wò mí. Ṣé ẹ̀yin ẹ lè bí mi kí oúnjẹ wà níwájú mi kí n má pe àgbà? Mo yíjú sí i, mo sọ ọ́ lédè Òyìnbó: “Màmá, ẹ wá jẹun.” Mo wá ń retí kó sọ pé ó ṣeun, kó gba ibi ire, kí oníkálùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Màmá yìí dìde! Ó gbé àga, ó gbé kọfí, ó wá jókòó tì mí, ó sì mú fọ́ọ̀kì. Ní gbogbo Awoye, ta ni wọ́n ti pè wá jẹun rí tó wá, yàtọ̀ sí Pius ọlọ́kọ̀ ojú omi wa? N kò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ó ní Gunvor ni orúkọ òun, òun sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ọdún kọkànlá rèé, gbogbo Sátidé ni òun ń wá síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun rí pé kí òun wá jẹun. Omi lé ròrò sí i lójú. Ojú tì mí, nítorí ẹnu lásán ni mo fi pè é.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó gbé ẹja lé búrẹ́dì náà, ó fi ọ̀dùnkún, wàrà àti àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, ó nà án sí mi. Mo gbàdúrà, mo di ojú, mo gé e jẹ. Ìyá mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ kíkan, lẹ́yìn rẹ̀ adùn, lẹ́yìn náà ni ẹja náà yọ́, òkun gan-an ló kù sí mi lẹ́nu. Mo ti rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi han ọmọ ènìyàn tí ẹja kò fi ní rà, pé ọwọ́ yín ló sì wà. Àwọn wọ̀nyí náà ti rí tiwọn, lórí omi tiwọn, láìdá iná kankan! Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fi búrẹ́dì nu àwo.

Màmá Gunvor bi mí pé ta ló kọ́ mi láti máa wo ẹja báyẹn. Mo fi fọ́tò yín hàn án lórí fóònù, èyí tí ẹ dúró ti bándà tí ẹ ti ń yan ẹja, tí ẹ ń yí i padà lórí ààrò, tí èéfín bo ìdajì ojú yín. Ó wò ó pẹ́. Ó ní oníyọ̀ ẹja ni ìyá òun, pé láti ọmọdé ló ti ń to ẹja sínú àgbá létí omi yẹn, títí iyọ̀ fi jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi tí ìka rẹ̀ kò ṣe é ká mọ́. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun wá mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí àjà kẹrin láàárín ìgboro, wọ́n sì kó àwọn àgbá rẹ̀ dànù lẹ́yìn rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ojú fèrèsé ni ìyá náà ń jókòó sí, tó ń béèrè lójoojúmọ́ pé ta ló ń tọ́jú àgbá òun. Kò ju ọdún kan lọ tó fi kú. “Kò sí èyí tó bi í léèrè nínú wa,” bí Màmá Gunvor ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ tó gbé mi kúnlẹ̀ ló kàn yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀, ẹ kò sìn mí dé etí omi, ẹ kò bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ̀yìn ni ẹ kọ sí mi, nítorí pé mo ní dókítà sọ pé èéfín ń ba ojú yín jẹ́, kí ẹ fi bándà sílẹ̀ kí ẹ wá bá mi gbé ní Igbokoda. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé bí mo ti wọ ọkọ̀, mo pàṣẹ fún Godspower àbúrò mi pé kó wó bándà náà kí n tó dé. Mo rò pé bí kò bá ti sí mọ́, ẹ ó tẹ̀ lé mi. Òun náà gbà, torí ó ń bẹ̀rù mi. Páànù tó yọ lórí bándà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sọ fún yín pé ó ti jò, irọ́ ni. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ wó ìyókù.

Bí Màmá Gunvor ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tán, n kò jókòó mọ́. Mo jáde sínú òtútù, mo ń pe Godspower. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Awoye, ẹ mọ̀ ọ́n. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń pè, tí Màmá Gunvor dúró tì mí, tó yọ ṣọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀ wé mi. Nígbà tí Godspower gbé e, mo pariwo débi tí àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí ògiri. Ó ti ṣèlérí pé òun á dá páànù náà padà, pé òun kò ní fọwọ́ kan igi kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ má bá a wí, èmi ni mo rán an.

N kò ní purọ́ pé ojú yín kò kàn mí mọ́. Ó kàn mí, ó ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ́ wa ní ààrò kan tó ní páìpù gíga tó ń gbé èéfín lọ sókè, mo ti yà á sínú ìwé. Tí mo bá dé, mo máa tẹ́ ìwé náà síwájú yín. Bí ẹ bá ní ká kọ́ ọ, ẹ̀yin ni ẹ ó fi ibi tí yóò wà hàn mí. Bí ẹ bá ní rárá, mo gbọ́.

Kí Olúwa tó dá òkun ṣọ́ ojú yín, kí ẹ fi rí ọmọ Happiness. Kí omi mọ ààlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ ó pẹ́ fún wa, nínú ìlera àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Rhoda.

Mo tún rántí: Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni Pius máa gbé mi dé láti Igbokoda, ní ọ̀sán. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà fóònù. Bí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ ní kí Happiness dáná sí bándà lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀yin jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Iwájú ọkọ̀ ni mo máa dúró sí, tí n ó máa wá èéfín yín lójú ọ̀run.