Àdúrà Aago Mẹ́jọ

Ìyá wọn,

"Ọlọ́run ni dókítà àgbà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba mi." Gómìnà ló sọ bẹ́ẹ̀, omijé ayọ̀ sì lé ròrò sí i lójú. Ó wá pàṣẹ pé tí agogo bá ti lù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí dókítà àti nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi wákàtí kan gbàdúrà lórúkọ Jésù.

Ara mi ń le, má dààmú. Oúnjẹ ilé ìwòsàn níbí náà dáa, kò kàn níyọ̀ ni.

Lánàá, èémí há mọ́ télọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi láàárín àdúrà. Mùsùlùmí ni. Mo pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ó la ojú kan: "Ẹ ṣe sùúrù, Tíṣà! Ẹ̀yin náà là ń gbàdúrà fún." Ìgbà tí wọ́n fi ṣàmín, aṣọ ni wọ́n fi bo télọ̀ lójú.

Ọ̀sán ni Gómìnà dé tòun ti oníkámẹ́rà. Ó rí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn aláìsàn ti ń lọ sílé!"

Bá mi kí àwọn ọmọ. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni tèmi, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la. Tí agogo bá lù nígbà tí wọ́n ti la ikùn mi, ta ni yóò dúró tì mí?