Ọta Ìbọn Àgbá Tó Wá Láti Inú Òkun

Àlàájà, ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ara mi le, alhamudulilai. Ẹ má jẹ́ kí ìròyìn kankan já yín láyà.

Ọta ìbọn àgbá ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́ kan ni wọ́n fà jáde nínú òkun Jẹ́dà, wọ́n sì gbé e wá fún èmi àti Ilyas, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ká nù ún mọ́. Ó gùn tó apá, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, kókó idẹ sì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí sójà kọ́kọ́ wò ó." Ọ̀gá wa ní àlejò ń bọ̀ wá wò ó. Ilyas rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hikmah, omi ti pa ẹ̀tù inú rẹ̀." Mo lọ pọn omi, ó sì ń ha ìpẹtà orí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bú gbàmù.

Ilyas wà ní ọsibítù. Wọn ò tíì jẹ́ kí n rí i. Etí tèmi kàn ń hó díẹ̀ ni.

Mo lọ sí Mẹ́kà ní Jímọ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin iwájú mi ni mò ń wò: bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, èmi náà á forí kanlẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run títí, àfi ìgbà tí ìyá àgbà kan rọra fọwọ́ bò mí lẹ́nu. N kò mọ̀ pé mò ń pariwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lórí fóònù, ẹ máa kọ̀wé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí.

Ẹ bá mi kí Àlàájì. Ẹ sọ fún Aasiyah ọmọ mi pé mo gbọ́ súrà tó ké ránṣẹ́ sí mi. Ohùn rẹ̀ dùn gan-an.

Hikmah yín