Ẹjọ́ Tí Mo Dá Nínú Líìgì Wa

Ìkàrẹ́-Àkókó

Ẹ̀gbọ́n mi Awwal,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ṣé ara ń gba òtútù Kánádà? Orúnkún Màámi ti fúyẹ́, iṣu oko wa ní Ṣúpárè sì ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ líìgì bọ́ọ̀lù orí fóònù tí ẹbí fi mí ṣe alága rẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Èmi ni mo ṣòfin pé ẹni tí kò bá fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi tó yàn láti gba pọ́ìntì fún un ránṣẹ́ kí aago méjìlá Sátidé tó lù, kò ní pọ́ìntì lọ́sẹ̀ náà. Tiyín fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, mo kọ̀ ọ́. Ti Bàbá Ọ̀kà, ẹ̀gbọ́n Màámi, fi wákàtí kan pẹ́, mo gbà á, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wojú àgbà sọ pé ó ti pẹ́. Ẹ bínú kúrò ní gúrúùpù ẹbí orí fóònù, ó sì ti pé oṣù kan tí ẹ ò pe ilé.

Mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ sí Ọ̀kà ní Sọ́ńdè, mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti yọ pọ́ìntì ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú tiwọn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága."

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màámi. Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní gúrúùpù, àwọn ni wọ́n ń bá yín yan agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n á ní kí n fi fọ́tò han àwọn, ẹni tó bá jọ pé ó jẹun yó ni wọ́n ń mú. Wọ́n ní àyè ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ ṣófo.

Ipò kejì lẹ wà.

Àbúrò yín,
Safinat